Òrùka Lábẹ́ Pátákò Màlúù

Ẹ̀yin náà ti fura. Ọkùnrin tó bá wọ bàtà funfun wọ ọjà màlúù ní Sábó lẹ́yìn òjò, ẹ ti mọ àwọ̀ tí bàtà náà yóò gbé jáde. Bó bá sì jẹ́ pé àárín ìgbẹ́ màlúù yẹn náà ló ti rí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ẹ ti ń sọ nínú ara yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní parí síbi tó dára. Òótọ́ lẹ sọ. Wọn kò fẹ́ ara wọn. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni pé kò sí èèyàn kankan tó dí wọn lọ́nà.

Adédàmọ́lá Lágúnjú ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìrẹmọ, olùkọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa hú ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, kò ní gbọ́. Dókítà ni. Ìyá rẹ̀ gan-an, Alhaja Àyọ̀kẹ́, Dókítà ló ń pè é lójú àlejò. Àfi tí inú bá ń bí i ni yóò di Dàmọ́lá.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Dókítà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran, ó fi ìka méjì gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí obìnrin tó fẹ́ sọdá odò. Ọmọbìnrin tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù náà wò ó láti orí dé bàtà.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé àgbò lẹ fẹ́ ni àbí màlúù?"

"Màlúù ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rà wọ́n."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n ta yín lọ́rẹ?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n máa bá mi rìn ni."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí wọ́n máa rìn lọ síbo?"

"Kì í ṣe síbì kankan. Kí wọ́n ṣáà máa rìn lọ, rìn bọ̀, lórí àpáàdì tí mo bá rì mọ́lẹ̀."

"Sà, ẹ dákun, kí ni àpáàdì fi ṣe yín?"

Bàbá rẹ̀, Alhaji Sálísù, tó jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Kánò ni wọ́n ti bí bàbá Alhaji, ṣùgbọ́n Sábó Ifẹ̀ yìí ni wọ́n bí Alhaji sí, ibẹ̀ náà ló sì ti bí Fàrídà ọmọ rẹ̀.

Dókítà kò bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ a máa dùn débi pé kì í mọ̀gbà tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wò ó," ló wí, "ilẹ̀ Ifẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n tò léra nínú àpótí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pẹ́ jù. Bí mo bá rí ìlẹ̀kẹ̀ nísàlẹ̀, mo mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá ti ń gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá nígbà òjò, pátákò wọn a tẹ ti òkè wọ ìsàlẹ̀. Ohun àná á lọ sùn ti ohun ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tó bá wá wa ilẹ̀ náà á máa parọ́, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa."

"Allah!" ni Alhaji wí. "Àwọn màlúù mi ló ń ṣe gbogbo ìyẹn?"

"Àwọn ni, Alhaji. Mo sì fẹ́ fi han gbogbo ayé."

Ìdí tó fi fẹ́ fi han gbogbo ayé, kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún tó ṣáájú, lórí oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn odi àtijọ́, ó hú ìkòkò àtàtà kan jáde. Ó pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó pe àwọn oníròyìn, ó wọ agbádá. Wọ́n gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìdérí ìgò míńírà wà, pupa, ó ń dán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà Míńírà. Oyèlárán tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá láìfi ìdérí kan sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí," ni Oyèlárán máa ń wí. "Wọ́n tún hú òmíràn jáde."

Wọ́n ṣe àdéhùn. Darandaran yóò máa da màlúù wá sórí oko náà nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Fàrídà ní òun náà yóò máa wá.

"Àpáàdì lè gé wọn lẹ́sẹ̀," ló wí. "Àpáàdì tiyín lẹ ń ṣọ́. Pátákò tiwa ni mo máa ṣọ́."

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, nígbà tí àwọn akẹgbẹ́ Dókítà ń mu tíì nínú ọ́fíìsì, òun ń bá ọmọ oní-màlúù dúró sínú ẹrẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa àti ọ̀dà òféfèé kun àpáàdì, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀. Màlúù á rìn lọ, wọn á rìn bọ̀. Fàrídà á bẹ̀rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o máa ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí náà?" ni Dókítà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá kí n wò ó ná."

Dókítà rẹ́rìn-ín, Fàrídà náà rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ti wọlé. Fàrídà bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Dókítà Àpáàdì mi, ẹnu rẹ̀ sì ni orúkọ ẹ̀gàn ti kọ́kọ́ dùn mọ́ ọkùnrin yìí. Ó tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìdérí míńírà fún un. Kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn yín gan-an, àbí?" Omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Dókítà.

Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti fẹ́ràn ara rẹ̀ tọkàntọkàn, bó bá tún wá fẹ́ràn ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ni ẹlòmíràn náà máa tò sí.

"Dókítà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan," ni Fàrídà wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Wọ́n ní ẹ ní ìyàwó ní Jámánì."

Dókítà ti lọ kàwé ní Jámánì rí. Òtútù ló mú bọ̀ láti ibẹ̀, kì í ṣe ìyàwó. Ṣùgbọ́n àròsọ yìí ti wà nígboro tipẹ́, pé ó fi obìnrin òyìnbó kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń sunkún rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ó yẹ òun. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àwọn èèyàn ò lè ṣe kí wọ́n má sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ mi."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní Ìrẹmọ, Alhaja Àyọ̀kẹ́ ti gbọ́.

"Nínú gbogbo Ifẹ̀, nínú gbogbo yunifásítì, ọmọ oní-màlúù lo rí? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé?"

"Màámi, ọmọ Ifẹ̀ ni. Ibí ni wọ́n bí i sí."

"Ewúrẹ́ mi náà, ibí ni wọ́n bí i sí."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìtàn ìfẹ́ tipẹ́, ẹ ti ń rò pé ibí ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Rárá. Fàrídà wá kí Alhaja. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi èdè Ifẹ̀ kí i, ojúlówó, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ń sọ, tí àwọn tó kàwé ti gbàgbé. Alhaja yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Dàmọ́lá, ìwọ tí mo finú ara mi bí, o ò lè kí mi báyìí." Ó fa Fàrídà dìde. "Dìde, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn màmá tó ń ra ẹran lọ́dọ̀ wa ni, mà. Èmi ni mo máa ń bá wọn rù ú délé."

Kò pẹ́ tí Alhaja fi ń pè é ní ìyàwó mi. Ní Sábó, Alhaji Sálísù kò tilẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ rárá. "Mùsùlùmí ni yín, ọmọ ìlú ni yín, ọmọ mi sì ń rẹ́rìn-ín tó bá rí yín," ló wí. "Kí ló kù? Ẹ kó àwọn èèyàn yín wá."

"Nígbà wo la máa lọ tọrọ ọmọ náà?" ni Alhaja bi ọmọ rẹ̀.

"Ó di ẹ̀yìn òjò, Màámi."

"Ṣé òjò ni alárinà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tó ń rò. Èrò náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn lójijì bó ṣe ń fárùngbọ̀n níwájú dígí, ó sì dà bíi pé ọ̀run ló ti wá. Ó lọ sí Òṣogbo, ó ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà rọ òrùka obìnrin kan fún òun, kékeré, tó mọ níwọ̀n ìka Fàrídà.

"Orúkọ aya yín ńkọ́?" ni alágbẹ̀dẹ bi í. "Ṣé ká kọ ọ́ sínú rẹ̀?"

"Ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Tèmi ni kí ẹ kọ."

Alágbẹ̀dẹ ní Lágúnjú nìkan ló lè gbà nínú òrùka tó kéré tó báyìí, kò sí àyè fún Dókítà. Wọ́n fà á títí, nígbà tó yá wọ́n fún "Dr." wọ ibẹ̀ pẹ̀lú agídí.

Ó mú òrùka náà lọ sórí oko láàárọ̀, kí màlúù tó dé, ó rì í mọ́lẹ̀ láàárín àwọn àpáàdì, ó fi erùpẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ sí àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé ní Jámánì pé ohun tó bá kéré ni pátákò máa ń tẹ̀ wọlẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ìdérí míńírà fi dé abẹ́ ìkòkò. Tí òjò bá dá, yóò pe gbogbo ayé: Alhaja, Alhaji, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, Oyèlárán pàápàá. Wọn yóò wa ilẹ̀ náà níṣojú wọn. Òrùka yóò yọ ní ibi tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Òun yóò gbé e sókè, yóò kúnlẹ̀ nínú ihò, fóònù yóò máa yà á, Fàrídà yóò sì fọwọ́ bojú. Ìfẹ́ àti ìmọ̀ yóò jọ tinú ilẹ̀ kan náà jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ ṣáájú.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, òjò ńlá ti rọ̀, Fàrídà sì ti yẹ ẹsẹ̀ màlúù wò tán. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà. Ó ti ta kókó sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì di kókó náà mú.

"Dókítà, ṣé kò sí nǹkan tó sọnù lọ́wọ́ yín?"

"Lọ́wọ́ mi? Rárá o. Kí ló fẹ́ sọnù lọ́wọ́ mi? Ohun tí mo bá fi sílẹ̀, mo mọ ibi tó wà."

"Kódà, kó jẹ́ nǹkan kékeré?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, nítorí àṣírí rẹ̀ ń rìn ín lára. "Nǹkan kékeré gan-an ni mo ń ṣọ́ jù, àyànfẹ́ mi."

Fàrídà tún kókó ìborùn náà fà le. "Ó dáa," ló wí, ó sì bá màlúù lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dókítà lọ kí Alhaji. Kì í sábà kí ìrun Jímọ̀. Ìwádìí kì í jẹ́ kó ráyè. Ó jókòó sí iwájú ilé, Fàrídà gbé kunu tútù fún un. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí Sábó bẹ̀rẹ̀ sí kéde: wọ́n rí òrùka wúrà kan he, ẹni tó bá ni ín kí ó wá ṣàpèjúwe rẹ̀ fún Lèmọ́mù, wọn yóò fún un.

Ẹ mọ̀ pé òfin ni. Mùsùlùmí tó bá rí ohun iyebíye he kò gbọdọ̀ gbé e mì. Wọn á kéde rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo, wọn kò sì ní sọ àmì rẹ̀, kó lè jẹ́ ẹni tó ni ín gan-an ni yóò sọ ọ́.

Dókítà mi orí. "Ẹ gbọ́ nǹkan. Irú èèyàn wo ló ń ju wúrà kiri?"

"Bóyá ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó ni ín láti jẹ́wọ́," ni Fàrídà wí. Ó ṣì gbé àwo dání.

"Ẹni tó bá sọ òrùka ìyàwó rẹ̀ nù, kò yẹ kó tún rí i."

Fàrídà yípadà, ó gbé àwo náà wọlé. Dókítà rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó tí òun dá sílẹ̀ ló mú ojú tì í. Inú rẹ̀ dùn.

Láti ọjọ́ náà, Fàrídà kò wá sórí oko mọ́. Darandaran nìkan ló ń da màlúù wá. Dókítà pè é lórí fóònù.

"Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù," ni Fàrídà wí. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi? Ohunkóhun tó wù kó jẹ́. N kò ní pariwo."

"Ó wà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí òjò dá ná."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ ní báyìí?"

"Sùúrù, Fàrídà mi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀."

Fàrídà pa fóònù, Dókítà sì rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ.

Alhaji náà bi í. "Dókítà, àwọn èèyàn yín dà? Ọmọ mi ti rù. Hakeem tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere ti wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá, ó sì sọ ohun tó fẹ́."

"Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí mo ń pèsè, Sábó kò tíì rí irú ẹ̀ rí."

Alhaja Àyọ̀kẹ́ sì wí nígbà tí òjò dá tán: "Dàmọ́lá, mo gbọ́ pé àlejò ń wọ ilé Alhaji."

"Ó ní láti jẹ́ pé tiwa ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, Màámi." Ó ń yan agbádá lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣí ilẹ̀. Alhaja wá pẹ̀lú gèlè tó ga. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Oyèlárán wá pẹ̀lú páálí míńírà kan fún àlejò, ó sì rọra ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji kò wá, Fàrídà kò wá. Wọ́n á pẹ́ díẹ̀ ni, Dókítà wí fún ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀.

Àpáàdì pupa yọ. Ti òféfèé yọ. Àwọn kan ti rì, àwọn kan ti yà sápá kan, gbogbo rẹ̀ ló dára, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Nígbà tó dé ibi òrùka, ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó wà á jìn sí i. Ó wà á fẹ̀ sí i.

"Kí lẹ ń wá, Dókítà?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi í.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Bóyá ó ti di ìdérí míńírà," ni Oyèlárán wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Oòrùn mú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaja tú gèlè rẹ̀, ó pè é ní Dàmọ́lá, ó wọ takisí. Ó ku Dókítà nìkan, ihò sì ti mù ún dé àyà, agbádá ti di ẹlẹ́rẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn tó mọ̀ lókè orí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà."

Fàrídà ni. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa fún làálì, láti ọmọ ìka dé ọrùn ọwọ́. Fàrídà wo làálì náà, kò fẹ́ wo ojú Dókítà.

"Mo ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín, kí ó má jẹ́ pé ìta lẹ ti máa gbọ́. Wọ́n so yìgì mi lánàá. Èmi àti Hakeem."

Dókítà di etí ihò mú.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?" ni Fàrídà bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òrùka," ló wí. "Òrùka rẹ. Mo rì í síbí fún ọ. Òní ni mo fẹ́..." Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Òní ni mo fẹ́ fún ọ."

Fàrídà jókòó lórí erùpẹ̀ tó wà jáde.

"Wúrà," ló wí. "Kékeré. Dókítà Lágúnjú nínú rẹ̀."

"O rí i?"

"Ta ló ń kọ orúkọ ọkùnrin sínú òrùka obìnrin, bí kò ṣe ìyàwó tó ti wà nílé ọkọ? Mo ní ti Jámánì ni. Mo ní ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí oko." Omijé ń bọ́, kò nù ún. "Mo bi yín léèrè. Ẹ ní nǹkan kan ò sọnù. Mo gbé e fún Lèmọ́mù, wọ́n ń kéde rẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀, mo ń retí kí ẹ wá gbà á, kí ẹ ṣáà jẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n kéde rẹ̀ létí yín, Dókítà. Ẹ mu kunu lé e."

"N kò ní ìyàwó kankan ní Jámánì."

"Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Màlúù kan ké lọ́ọ̀ọ́kán. Fàrídà dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara aṣọ rẹ̀.

"Ó ṣì wà lọ́dọ̀ Lèmọ́mù. Ẹ lọ ṣàpèjúwe rẹ̀, wọ́n á fún yín. Ó dàbọ̀, Dókítà Àpáàdì."

Kò fi "mi" kún un. Ó ti rìn díẹ̀ kí Dókítà tó pè é. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ ní kó dárí ji òun. Gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ nìyí:

"Fàrídà! Báwo ló ṣe jìn tó nígbà tí o rí i?"

Ó yíjú padà, ó wò ó nínú ihò rẹ̀.

"Orí ilẹ̀ ló wà," ló wí. "Nínú ojú ẹsẹ̀ màlúù, ní gbangba. Kò wọlẹ̀ rárá."